Èdídí Ni Mo Wí, Ẹ Má Fún Mi Ní Ìdí

Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, ẹ̀yin tí ẹ ti ra epo rí tí epo dà sí yín láṣọ kí ẹ tó délé, ẹ̀yin nìkan lẹ lè mọ ohun tí ojú mi ń rí nílùú yìí. Ta ni mo ṣẹ̀? Ta ni mo jẹ lówó? Kí ló dé tó jẹ́ pé ohun kékeré tí kò ju ọmọ-ìka lọ, ohun tí a fi ń dí ẹnu ìgò, òun ni gbogbo ayé fẹ́ fi pa mí? Ẹlòmíràn ń bá onílé jà, ẹlòmíràn ń bá àwọn oníná mànàmáná jà, ẹlòmíràn ń bá àna rẹ̀ jà. Tèmi, èdídí ni. Èdídí! Mo sì mọ̀ pé bí ẹ ṣe ka ọ̀rọ̀ yẹn tán báyìí, ìdajì nínú yín ti fajú ro, ẹ ń bi ara yín pé kí ni bàbá yìí ń wí. Ẹ wò ó! Ẹ̀yin gan-an ti dara pọ̀ mọ́ wọn!

Kò le rárá, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ awo. Èdídí ni ohun tí a fi ń dí ẹnu ìgò, ẹnu akèrègbè, ẹnu àdó, ẹnu ohunkóhun tó bá ní ọrùn tóóró tí a kò fẹ́ kí ohun inú rẹ̀ dà síta. Ó tán. Àwọn tó bí wa ń sọ ọ́ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò, ẹ sọ ọ́ lójà, kí ẹ wá wo bí wọn yóò ṣe máa wò yín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ihò àpáta.

Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá elépo. Mo kí i, ó kí mi, mo na ìgò mi sí i, ìgò tí mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀, tí mo sá sóòrùn títí ó fi ń dán. Ó rọ epo sí i, epo pupa fòò, inú mi ń dùn. Mo wá ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá èdídí sí i." Obìnrin yìí dáwọ́ dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Bàbá, èdìdì kẹ̀? Ṣé ayé ti ń parí ni?" Àṣé inú ìwé Ìfihàn ló sá lọ! Ìwé tí a fi èdìdì méje dì, ẹṣin funfun, ẹṣin pupa, ilẹ̀ mímì! Mo ní rárá o, Ìyá, kì í ṣe èdìdì, èdídí ni, ohun tí a fi ń dí ìgò. Ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Háà, ìdí ìgò! Ìdí ìgò yín ò jò o, Bàbá, ẹ wò ó." Ó sì gbé ìgò sókè, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ń fi ìdí rẹ̀ hàn mí, epo ń gba ẹnu dà sórí bùbá mi! Mo kígbe. Mo ní ẹnu ló ṣí, ìdí lẹ ń yẹ̀ wò! Gbogbo ọjà yíjú sí wa. Níbẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tó ń ta ọ̀rá ti dá sí i, ó ní, "Ìyá, kọ́ọ̀kì ni bàbá ń sọ." Ìyá elépo pàtẹ́wọ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Kọ́ọ̀kì! Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ Yorùbá?"

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́! Èmi tí mo sọ èdídí, èmi ni n kò sọ Yorùbá. Ọmọ tó sọ kọ́ọ̀kì, òun ló sọ Yorùbá! Àbí wọ́n ti pàdé lórí ọ̀rọ̀ mi kí n tó dé ọjà ni? Èyí tó wá dùn mí jù ni pé lẹ́yìn gbogbo ariwo yìí, ìyá elépo kò ní kọ́ọ̀kì ọ̀hún! Ó ya lára ọ̀rá, ó ká a róbótó, ó fi há ìgò lẹ́nu, ó ní Bàbá, ẹ máa rọra gbé e. Báwo ni n ó ṣe rọra gbé e nínú mọ́tò tí awakọ̀ rẹ̀ kò yẹ kòtò kankan sílẹ̀, tí ó jẹ́ pé bó ṣe ń bọ́ sí kòtò kan ni ọ̀rá ń ṣí díẹ̀, tí epo ń yọjú, tí obìnrin tó jókòó tì mí sì wọ léèsì funfun, funfun báláú, tó jẹ́ pé òde ìgbéyàwó ló ń lọ! Ẹ má bi mí ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹ kàn bá mi kẹ́dùn.

Nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ẹjọ́, kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olóòótọ́ dá a. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Bí o bá fi nǹkan lé orí nǹkan, o dé e: a ń dé fìlà, a ń fi ọmọrí dé ìkòkò, ohun tí a fi dé e la ń pè ní ìdérí. Bí o bá so ó tàbí tí o lẹ̀ ẹ́ pinpin kí ẹnikẹ́ni má baà tú u, o dì í: a ń di ẹrù, a ń di irun, níbẹ̀ ni èdìdì ti wá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì lò fún ìwé Ìfihàn. Ṣùgbọ́n bí o bá ki nǹkan bọ inú ihò tí ihò náà kò fi sí mọ́, o dí i. Dí! Ohùn òkè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò dí. Imú dí. Ẹni tí etí rẹ̀ dí ni adití. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ọwọ́ rẹ a dí, ohun tí kò sì jẹ́ kí o ṣe iṣẹ́ náà ni ìdíwọ́. A mú dí yìí, a pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó di dídí, a fi è síwájú rẹ̀, ó di èdídí, gẹ́lẹ́ bí tù ṣe di ètùtù tí dì sì di èdìdì. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní bàbá, ó ní ìyá, ó ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kò sí àlejò kankan nínú agbo ilé rẹ̀. Ohùn nìkan ló ya èdídí ìgò sọ́tọ̀ kúrò lára èdìdì Ìfihàn, ohùn nìkan náà ló sì ya ìyá elépo àti èmi.

Aládùúgbò mi kan, olùkọ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá, èdè máa ń yí padà." Mo gbà. Èdè ń yí padà. Kí ló dé tó jẹ́ orí ìgò epo tèmi ló ti ń yí i? Kí ló dé tí kò lọ yí orúkọ owó ilé padà kí onílé má rántí mọ́?

Bí ẹ bá sì sọ pé a kò ní èdídí tiwa rí ni orúkọ fi sọnù, irọ́ ni! Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nígbà àtùpà, kí la fi ń dí ìgò karosíìnì? Ṣùùkù àgbàdo! Ọmọdé jẹ ẹyọ àgbàdo tán, ìyá rẹ̀ gé ṣùùkù ní gígùn ìka, ó fi dí ìgò, kò ná an ní kọ́bọ̀. Ó fúyẹ́, ó ń tẹ̀ díẹ̀, ó ń wọ ọrùn ìgò kó sì dúró síbẹ̀. Ẹlẹ́mu ní tirẹ̀ gbọ́n ju gbogbo wa lọ, nítorí pé ẹmu kì í dákẹ́, ó ń hó láti àárọ̀ títí di alẹ́, afẹ́fẹ́ ń wá ọ̀nà jáde nínú rẹ̀, bí o bá dí i pa, á bú gbàù mọ́ ọ lójú, ni ẹlẹ́mu bá ká ewé, ó fi há ẹnu akèrègbè, ẹmu kò dà, afẹ́fẹ́ sì ń jáde. Ìyẹn ni èdídí tó ní làákàyè. Lónìí, wọ́n rọ ẹmu sínú kẹ́ẹ̀gì oníke, wọ́n lọ́ ìdérí rẹ̀ pinpin, kẹ́ẹ̀gì wú, ìdí rẹ̀ yọ gọnbu, kò lè dá dúró mọ́, ẹni tó bá sì ní kóun ṣí i kíákíá, ẹmu ni yóò fi bọ́jú. Mo wà lára àwọn tó ti fi bọ́jú. Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe fún àna mi lọ́jọ́ náà, fọ́ọ̀mù ẹmu ló kọ́kọ́ kí wọn.

Kí wá ni kọ́ọ̀kì tí gbogbo yín ń torí rẹ̀ fojú mi gbolẹ̀? Mo lọ wádìí rẹ̀, nítorí pé bí ọ̀tá bá ń bá ènìyàn jà, ó yẹ kí a mọ ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, èèpo igi ni! Èèpo igi lásán! Igi kan ń bẹ tó ń hù ní Pọ́túgà, Sípéènì, Mòrókò àti Àlùjíríà, èèpo rẹ̀ nípọn, ó múlọ́, omi kì í gba inú rẹ̀ kọjá, òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cork. Pọ́túgà nìkan ló ń pèsè bí ìdajì gbogbo èyí tí ayé ń lò. Wọn kì í gé igi náà, wọ́n ń bó o láṣọ ni, wọ́n á wá fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà ọdún tí wọ́n bó o sí i lára, nítorí pé òfin wọn ní wọn kò gbọdọ̀ tún fọwọ́ kàn án títí ọdún 9 yóò fi pé. Ẹ dúró, n kò tíì dé ibi tó dùn mí! Igi náà yóò tó nǹkan bí ọdún 25 kí wọ́n tó bó èèpo àkọ́kọ́, èèpo àkọ́kọ́ yẹn kò sì ṣe é dí ìgò, ìkejì náà kò ṣe é ṣe, àfi ìkẹta, ìyẹn ni pé igi náà á ti lé ní ogójì ọdún kí ó tó dí ìgò wáìnì kan ṣoṣo. Ogójì ọdún! Mo mọ ọkùnrin tó lo ọdún tí kò tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, títí di òní wọn kò tíì san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pé, ẹ jẹ́ kí n má dárúkọ ara mi.

Ó wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Pọtogí tó ni igi, tó ni èèpo, tó ní ẹ̀tọ́ láti pe nǹkan wọn bó ṣe wù wọ́n, wọn kò pe èdídí ní orúkọ èèpo! Cortiça ni wọ́n ń pe èèpo, rolha ni wọ́n ń pe èdídí, ọ̀tọ̀ ni tibí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an tí a ti yá a lọ́wọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan, stopple, tí púpọ̀ nínú àwọn fúnra wọn kò mọ̀ mọ́. Ibo ló ti wá? Ara stop ló ti wá. Stop tí gbogbo awakọ̀ wa mọ̀ sí "dúró", kí ó tó túmọ̀ sí dúró, dí ihò ló túmọ̀ sí! Wọ́n mú dí, wọ́n fi ìrù sí i lẹ́yìn, ó di stopple. Àwa mú dí, a fi è sí i níwájú, ó di èdídí. Ọgbọ́n kan náà! Ó dá mi lójú pé bàbá kan wà ní ìletò kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí tó ń sọ stopple fún àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá mi kí bàbá náà.

Bí mo bá ní kí n gbà fún yín, kí n ní ó dáa, kọ́ọ̀kì ni, ẹ sọ fún mi, èwo ni kọ́ọ̀kì lára ohun tó wà lórí ìgò mínírà? Irin ni! Ẹ lọ wò ó! Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, William Painter, ní ìlú Baltimore, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1892, irin pẹlẹbẹ tí a ká etí rẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò. Eyín 24 ló ní nígbà yẹn, lónìí 21 ni, ẹ kà á bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́. Torí pé etí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó-ṣóńṣó yíká, wọ́n pè é ní adé, kọ́ọ̀kì aládé. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ Odùduwà! Adé! Ní ilẹ̀ yìí, kí ènìyàn tó dé adé, àwọn afọbajẹ á jókòó, Ifá á sọ̀rọ̀, ìdílé á bá ìdílé jà, wọ́n á dé kóòtù, ọdún á gorí ọdún. Ìgò bíà dé adé tirẹ̀ láìṣe orò kankan! Ṣé ẹ ṣì rántí ohun tí mo wí nípa dé àti dí? Ohun tó jókòó sórí, ìdérí ni, kò wọ inú ọrùn ìgò rárá, kì í ṣe èdídí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kọ́ọ̀kì, nítorí pé ìwọ̀nba kọ́ọ̀kì tó ní ni pẹlẹbẹ tínrín kan tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ láyé àtijọ́, ìyẹn náà ni wọ́n sì ti fi ike rọ́pò. Nítorí náà ohun tí ẹ ń pè ní kọ́ọ̀kì jẹ́ irin tí wọ́n fi ike tẹ́ nínú, tí wọ́n fi èèpo igi sọ lórúkọ, tó dé adé, tí ẹ sì wá ń fi eyín ṣí! Fi eyín rọ ọba lóyè! Eyín mi ọ̀tún, èyí tí mo fi ń jẹ ẹran, ibẹ̀ ló lọ, nítorí pé nínú gbogbo ilé tí mo ti ṣàlejò rí, wọn a máa gbé mínírà wá, wọn kì í gbé ópúnà wá, ópúnà a máa wà lọ́wọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Painter yìí kò sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ọmọ iṣẹ́ kan tó ń bá a ta ọjà, King Gillette. Ó pè é, ó gbà á nímọ̀ràn pé kó wá nǹkan tí ènìyàn á lò, tí á jù nù, tí á tún padà wá rà. Gillette ronú, ó ronú, ó ṣe abẹ ìfárùngbọ̀n, ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1904. Ẹ rí i báyìí? Ọ̀gá ń gba owó mi láti orí ìgò, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà á láti àgbọ̀n! Àwọn méjèèjì ti kú, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí n sinmi.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé abẹ́ kọ́ọ̀kì. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ má díbọ́n! Àwọn oní-mínírà ní ká wo abẹ́ rẹ̀, mọ́tò wà níbẹ̀, fíríìjì wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ mi kì í mu mínírà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Àwọn ọmọ ń mu ún láàárọ̀, wọ́n ń mu ún lálẹ́, ikùn wọn ń dún. Mo wo abẹ́ ọ̀kan, "Gbìyànjú sí i." Mo wo òmíràn, "Gbìyànjú sí i." Mo ti ń gbìyànjú láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi! Ta ló ní kí irin máa gbà mí níyànjú? Ìdúpẹ́ kan ṣoṣo tí mo rí lára wọn ni pé ní kékeré wa, a máa ń fi òkúta lù wọ́n pẹlẹbẹ, a lu ihò méjì sí i láàárín, a fa òwú gbà á, a fà á, ó ń yí wìì, ó ń kọrin. Káfíńtà náà máa ń fi wọ́n sábẹ́ ìṣó bó bá ń kan nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ fèrèsé. Nígbà yẹn, nǹkan dọ̀tí lásán wúlò ju ẹ̀bùn àwọn oníkọ́ọ̀kì lọ.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ti Hiram Codd, ọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù tó ní ọdún 1872 fi bọ́ọ̀lù gíláàsì kékeré sínú ọrùn ìgò, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú mínírà fúnra rẹ̀ ló ń ti bọ́ọ̀lù náà sókè tó fi ń dí ẹnu ìgò látinú. Èdídí tí a kò lè jù nù, tí kò lè sọnù lójà, tí a kò ní máa bẹ ìyá elépo nítorí rẹ̀! Mo ní, Olúwa ṣeun, ẹnì kan rántí mi. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ìgò láti mú bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ṣeré. Ọmọdé níbi gbogbo, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn ará Íńdíà àti Jàpáànù ṣì ń lò ó títí di òní, wọ́n ní sùúrù, tàbí kí wọ́n ní ọmọ tó ń gbọ́ràn.

Ìgbà tí mo wá gbọ́ ti àwọn ará wa ní Ilẹ̀ Olómìnira Benin, ìbànújẹ́ mi lọ sókè sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wá láti Pọ̀bẹ̀, Yorùbá bíi tèmi, ṣùgbọ́n Faransé ló kà níléèwé, ó ní bouchon ni Faransé ń pe èdídí ìgò. Mo ní ó dáa. Ó ní bouchon náà ni wọ́n ń pe ìgbà tí mọ́tò bá há sójú títì tí kò sí ibi tó lè gbà. Mo fò sókè! Mo ní tún un wí! Ó ní ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí wọ́n tún ń lò fún un ní Kútọnu, embouteillage, tó jẹ́ pé rírọ nǹkan sínú ìgò ni ìtumọ̀ rẹ̀ gangan. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀nà dí! Kí ni àwa náà ń wí bí mọ́tò bá há? Ọ̀nà dí! Faransé tí kò bá wa tan, tí kò jẹ iyán rí, òun àti Yorùbá ń fi ojú kan náà wo ọrùn ìgò àti ojú títì, àmọ́ ìyá elépo tí a jọ wà nílùú kan náà, ayé ló rò pé ó ń parí! Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, mo máa ń sọ fún ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé èdídí ni wá, gbogbo wa nínú mọ́tò wọ̀nyí, a ti dí ọrùn Èkó. Wọ́n máa ń sún kúrò lọ́dọ̀ mi. Kò sí àyè nínú mọ́tò, síbẹ̀ wọ́n ń rí ibi sún sí.

Gbogbo èyí, mo ti fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ti gbọ̀ngàn ìnáwó ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbéyàwó, wọ́n fi mí ṣe alága ètò ohun mímu, nítorí pé ẹni tí kò bá ní owó ni wọ́n máa ń fún ní iṣẹ́. Mo kó omi inú ọ̀rá, mo kó mọ́ọ̀tì alágolo, mo gbé ẹmu inú kẹ́ẹ̀gì, díẹ̀ nínú ẹmu náà tiẹ̀ wà nínú akèrègbè gidi tí mo fi ewé dí fún ẹwà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Dádì. Ẹ máa san owó kọ́ọ̀kéèjì, sà." Mo ní owó kí ni? Ó ní kọ́ọ̀kéèjì. Mo ní ṣé àìsàn ni? Ó ní rárá, sà, owó tí gbọ̀ngàn ń gbà lórí ohun mímu tí ẹ bá gbé wá láti ìta. Mo lọ wádìí èyí náà: owó kọ́ọ̀kì ni! Àwọn ilé oúnjẹ òyìnbó ló dá a sílẹ̀, pé bí o bá gbé ìgò wáìnì tìrẹ wá, tí òṣìṣẹ́ wọn bá bá ọ fa kọ́ọ̀kì rẹ̀ yọ, tí ó sì bù ú fún ọ mu, kí o san owó wàhálà rẹ̀. Ó tọ́. Ó yẹ. Ẹni tó fa kọ́ọ̀kì, kí ó gba owó kọ́ọ̀kì.

Èwo wá ni kọ́ọ̀kì lára omi inú ọ̀rá? Eyín la fi ń ṣí i! Èwo ni kọ́ọ̀kì lára agolo? Èwo ni kọ́ọ̀kì lára kẹ́ẹ̀gì? Mo ní ọmọ mi, wá, fi hàn mí, tọ́ka sí i. Ó ní òfin ibí ni, sà. Mo gbé akèrègbè sókè, mo ní ewé nìyí, ewé tútù, mo já a lẹ́yìnkùlé mi, ṣé owó ewé lẹ tún fẹ́ gbà ni? Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá dé, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá, kọ́ọ̀kì kò kan ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ owó náà nìyẹn. Orúkọ lásán! Èèpo igi ti di èdídí, èdídí ti di irin, irin ti di adé, adé ti di owó, owó náà kò sì nílò igi, kò nílò irin, kò nílò ìgò, ó ti ń dá rìn fúnra rẹ̀, ó mọ ọ̀nà dé àpò mi!

Àwọn àlejò ti ń pé lé wa lórí. Ìyàwó ojú ọ̀nà ti wà nínú mọ́tò níta, oòrùn ń pa á. Mo rí i pé ọjọ́ ẹ̀san mi dé. Mo gun orí páálí mọ́ọ̀tì, mo tún gbé ewé ẹnu akèrègbè sókè kí gbogbo wọn lè rí i, mo sì là á mọ́lẹ̀ fún wọn láti orí dí títí dé orí èdídí, mo mẹ́nu kan adití, mo mẹ́nu kan ìdíwọ́, mo dé Pọ́túgà, mo ti Baltimore bọ̀. Wọ́n pa rọ́rọ́. Àgbà kan mi orí. Obìnrin kan tilẹ̀ gbé fóònù, ó ń ká mi sílẹ̀. Mo wá ní, "Ó dáa, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ̀yin tí ẹ mu wàrà ìyá yín, ẹ sọ fún ọ̀gá yìí kó gbọ́: kí ni a ń pe ohun tí a fi ń dí ẹnu ìgò?"

Gbogbo gbọ̀ngàn, àtọmọdé àtàgbà, ìyá àwọn ọmọ mi tó dúró ní iwájú pátápátá pẹ̀lú gèlè rẹ̀, wọ́n fi ohùn kan dáhùn: "Kọ́ọ̀kì!"

Mo san owó náà.